Bọ́ọ̀dù PC817 ẹlẹ́nu mẹ́rin àti proximity LJ12A3: ṣé wọ́n lè dúró níwájú ariwo iná ilé iṣẹ́ Ìkòròdú?

Ẹni tó bá ń tún ẹ̀rọ pure water ṣe ní Odógunyàn tàbí ní Ìgbógbó mọ àìsàn yìí dáadáa. Ẹ̀rọ á máa gé nylon síbi tó yẹ láàárọ̀. Gbàrà tí wọ́n bá tan pọ́ǹpù tàbí tí wọ́n bá yí iná sí jẹnẹrétọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí àárín orúkọ ilé iṣẹ́, tàbí kó máa ka ẹyọ kan ní méjì. Wọ́n á ní proximity, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ pé irin ti sún mọ́ ọn, ló bàjẹ́. Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, tuntun náà á tún máa ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe proximity. Wáyà tó ń gbé ìròyìn rẹ̀ lọ bá kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ ló ń gbé ariwo iná, ìyẹn iná àìpè tó ń ba ìròyìn jẹ́, mọ́ ọn.

Ọjà méjì táwọn oníṣẹ́ iná sábà máa ń rà láti fi tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ yẹ̀ wò níbí: proximity LJ12A3-4-Z/BX, àti bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n to PC817 mẹ́rin sí, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìròyìn kọjá. Ìdájọ́ wa rèé fún ẹni tó ń kánjú: ẹ ra méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má lo bọ́ọ̀dù yẹn bí wọ́n ṣe tà á fún yín. Ìdajì iṣẹ́ ló wà lára rẹ̀. Ìdajì tó kù kò wọ́n rárá, àmọ́ ọwọ́ yín ló wà.

Proximity

Ara irin onískúrù M12 ni LJ12A3-4-Z/BX ní, wáyà mẹ́ta ló sì jáde lẹ́yìn rẹ̀. Búráùn ń lọ sí pọ́sítíìfù, búlúù ń lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù, dúdú ló ń gbé ìròyìn. Ó ń gba fóltì 6 títí dé 36. Ẹ wo lẹ́tà méjì tó kẹ́yìn orúkọ rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó: BX jẹ́ NPN (tó ń so wáyà dúdú mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù) tó máa ń ṣí sílẹ̀ nígbà tí irin ò sí níwájú rẹ̀, AX jẹ́ NPN tó máa ń wà ní pípa dé nígbà tí irin ò sí, BY jẹ́ PNP (tó ń so wáyà dúdú mọ́ pọ́sítíìfù). Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fi BY sípò BX á ṣàdédé rí i pé ẹ̀rọ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Nọ́ńbà 4 tó wà nínú orúkọ yẹn ni iye mílímítà tó fi lè rí irin dúdú pẹlẹbẹ tó tó mílímítà 12 níbùú àti lóròó. Ẹ má gbé e síbi mílímítà 4 o. Ibi téèyàn lè gbára lé kò ju mílímítà 3.2 lọ, a sì fẹ́ràn kí ó wà ní 2. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí proximity ti ń tàn àti ibi tó ti ń kú kì í ṣe ojú kan náà. Àlàfo kékeré kan wà láàárín wọn, tó sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n tó fi ń ríran. Tí ẹ bá gbé e sí mílímítà 3.8, tí bíárì ọ̀pá ẹ̀rọ sì ti jẹ díẹ̀, gbígbọ̀n ọ̀pá nìkan ti tó láti mú kó tàn, kó kú, kó tún tàn láàárín ìgbà tí bóòtì kan ṣoṣo tí ẹ fi ṣe àmì fún un ń kọjá. Kò sí sákíìtì tó lè wo ìyẹn sàn, torí pé ìròyìn tí proximity fúnra rẹ̀ mú wá ti bàjẹ́ láti orísun.

Ohun tó ń kọjá níwájú rẹ̀ náà ṣe kókó. Irin stainless, tó pọ̀ nílé iṣẹ́ omi, máa ń dín ìwọ̀n yẹn kù sí nǹkan bí ìdá 0.7. Aluminium máa ń dín in kù sí nǹkan bí 0.4, ìyẹn ni pé mílímítà 4 di nǹkan bí 1.6. Bóòtì irin dúdú M8 ni kẹ́ ẹ fi ṣe àmì lórí kámù, ẹ má fi ti aluminium ṣe é. Orí irú proximity yìí sì máa ń yọ síta ni: tí ẹ bá rì í mọ́nú irin títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú ojú irin náà, irin tó yí i ká ni á máa rí ní gbogbo ìgbà.

Fún iye tí wọ́n ń tà á, a ò rí ohun tá a máa bá a jà sí. Ẹ̀rọ tó ń ka nǹkan tó ju bí 500 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìkan ni kò wúlò fún.

Bọ́ọ̀dù náà, àti ohun tó ń ṣe gan-an

Iná LED kékeré kan wà nínú PC817 kọ̀ọ̀kan, transistor tó ń rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì wà ní òdìkejì. Ìmọ́lẹ̀ ni ìròyìn fi ń kọjá. Kò sí wáyà tó so ìhà méjèèjì pọ̀. Ọlọ́jà á sọ fún yín pé ó lè dá iná fóltì 5000 dúró láàárín ìhà méjèèjì, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni olórí àǹfààní rẹ̀ fún wa.

Ariwo tó ń wọ wáyà proximity láti ara wáyà mọ́tò tàbí kọntákítọ̀ lè ga ní fóltì, àmọ́ agbára ẹ̀yìn rẹ̀ kéré. Ẹsẹ̀ Arduino tàbí ẹsẹ̀ kọ̀ǹpútà kékeré mìíràn kì í gba iná kankan tó ṣe é fojú rí. Fóltì nìkan ló ń wò. Torí náà ẹ̀mí ariwo kékeré pàápàá á tì í. LED inú PC817 ní tirẹ̀ á béèrè nǹkan bí fóltì 1.2, á sì béèrè mA mélòó kan kó tó lè tàn dáadáa. Ariwo tí ò ní agbára ò lè rówó ìyẹn san. Èyí ló mú ká gbóríyìn fún bọ́ọ̀dù yìí ju àwọn tó ń fi rẹsítọ̀ méjì pín fóltì 24 sí 5 wọ Arduino tààrà. Irú iṣẹ́ rẹsítọ̀ méjì yẹn máa ń dáa lórí tábìlì, á sì wó lọ́jọ́ tó bá dé ilé iṣẹ́.

Níbi tí bọ́ọ̀dù yìí ti ń kó bá èèyàn ni rẹsítọ̀ ẹnu ọ̀nà. Oríṣiríṣi ló wà lọ́jà, ojú wọn sì jọra. Ẹ ka nọ́ńbà orí rẹsítọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ PC817 kọ̀ọ̀kan: 102 jẹ́ 1 kΩ, 302 jẹ́ 3 kΩ, 332 jẹ́ 3.3 kΩ. Tí ẹ bá gbé fóltì 24 lé 1 kΩ, iná tó máa kọjá tó 22 mA, ooru tó sì máa jáde lára rẹsítọ̀ yẹn tó ìdajì wáàtì. Rẹsítọ̀ kóńkóló bẹ́ẹ̀ ò lè gbé e. Á dúdú, á gbẹ, lọ́jọ́ kan ẹnu ọ̀nà yẹn á dákẹ́. Tí 102 lẹ bá rí, ẹ fi rẹsítọ̀ 2.2 kΩ onídá mẹ́rin wáàtì (1/4 W) sójú wáyà láti ìta. Àpapọ̀ di 3.2 kΩ, iná tó ń kọjá di nǹkan bí 6.8 mA lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ fóltì 1.2 ti LED àti bíi fóltì kan tí proximity ń jẹ. Ó tó, kò sì pọ̀ jù. Bọ́ọ̀dù mìíràn tún ní LED tó ń ṣàfihàn tí wọ́n tò tẹ̀lé ti PC817. Ẹ tún yọ bíi fóltì 2 kúrò nínú ìṣirò yín.

Ẹni tó bá sì gbé bọ́ọ̀dù fóltì 24 tó ní 3.3 kΩ sórí fóltì 12, tó sì ní LED àfihàn, á rí i pé 2.4 mA péré ló ń kọjá. PC817 tí agbára rẹ̀ rẹlẹ̀ jù á gbé ìdajì rẹ̀ jáde, ìyẹn 1.2 mA. Bí rẹsítọ̀ tó fa ẹnu àbájáde sókè sí fóltì 5 bá jẹ́ 10 kΩ, 0.5 mA ló nílò, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ 1 kΩ, 5 mA ló nílò, fóltì àbájáde ò ní wálẹ̀ tán láé. Ó máa wà láàárín méjì, àárín méjì yẹn gan-an sì ni ariwo fẹ́ràn.

Bí a ṣe ń so ó

Pẹ̀lú BX: pọ́sítíìfù 24 lọ sí búráùn. Láti pọ́sítíìfù kan náà, ẹ gba inú rẹsítọ̀ 2.2 kΩ lọ sí ẹnu + bọ́ọ̀dù. Ẹnu − bọ́ọ̀dù lọ sí wáyà dúdú. Búlúù lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń so dúdú mọ́ +, tí wọ́n sì so − mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Bí wọ́n ṣe ń so PNP nìyẹn, BX ò ní fún yín ní nǹkan kan lọ́nà yẹn.

Ẹ wá fi kapásítọ̀ 100 nF, tó lè gba fóltì 50 ó kéré tán, sáàárín + àti − ẹnu bọ́ọ̀dù náà. Òun àti 2.2 kΩ ìta ló jọ máa gbé ariwo ṣóńṣó mì kó tó dé LED: ìdádúró rẹ̀ wà láàárín 70 sí 100 µs, proximity tó ń lo ọ̀pọ̀ mílísẹ́kọ́ǹdù ò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ tún fi dáódù 1N4148 kan kọjú sí òdìkejì LED, nítorí fóltì 6 péré ni LED PC817 lè fara dà tí iná bá gba ẹ̀yìn wọlé.

Ní ẹnu àbájáde, rẹsítọ̀ 10 kΩ lọ sókè sí fóltì 5, kapásítọ̀ 10 nF láti àbájáde sí nẹ́gẹ́tíìfù fóltì 5. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má so ó tààrà mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ gba inú 74HC14 kọjá, ìyẹn IC kékeré tó ń tún ìròyìn ṣe kó mọ́.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí 74HC14, torí òun ni ọ̀pọ̀ ń fò. PC817 kì í fò láti òkè sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń rìn díẹ̀díẹ̀, kapásítọ̀ tá a sì fi sí i tún dá a dúró sí i. Ẹnu ọ̀nà tó ní ààlà kan ṣoṣo á máa ṣiyèméjì nígbà tí fóltì bá ń kọjá ní ààlà yẹn, ariwo kékeré tó bá sì gùn ún níbẹ̀ á sọ ẹyọ kan di mẹ́ta, mẹ́rin. 74HC14 ní ààlà méjì. Lórí fóltì 4.5, ó máa ń gbà pé fóltì ti ga nígbà tó bá tó nǹkan bí 2.4, kò sì ní gbà pé ó ti wálẹ̀ àfi tó bá dé nǹkan bí 1.4. Ariwo tí ò tó fóltì kan ò lè yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ẹnu mẹ́fà ló wà nínú ẹyọ kan; èyí tẹ́ ò bá lò, ẹ so ẹnu ìwọlé rẹ̀ mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ẹ má fi í sílẹ̀ gbayawu. Kí 100 nF wà láàárín ẹsẹ̀ 14 àti ẹsẹ̀ 7, kó sún mọ́ ọn dáadáa. Ẹ rántí pé ó máa ń yí ìròyìn padà: ohun tó ga á di ohun tó rẹlẹ̀.

Ohun tó ń sọ bọ́ọ̀dù di aláìwúlò

Àṣìṣe yìí la kórìíra jù nínú gbogbo rẹ̀, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Oníṣẹ́ á ra bọ́ọ̀dù PC817 kí ìhà méjèèjì lè yà sọ́tọ̀, á wá mú fóltì 24 kan náà, á gba inú LM2596 sọ ọ́ di fóltì 5 fún Arduino. Nẹ́gẹ́tíìfù kan náà ni LM2596 ń lò níwọlé àti níjàáde. Ohun tí PC817 yà, LM2596 ti so ó padà. Ariwo tó wà lórí nẹ́gẹ́tíìfù ẹ̀rọ á rìn wọ kọ̀ǹpútà láìkan PC817 lójú rárá.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gba fóltì 5 láti inú HLK-PM01 tàbí ohun tó jọ ọ́, tó ń gba iná 100 sí 240 tààrà tó sì ń fúnni ní fóltì 5, wáàtì 3. Tàbí kẹ́ ẹ lo B2405S-1W, tó ń gba fóltì 24, tó ń gbé 5 jáde pẹ̀lú nẹ́gẹ́tíìfù ọ̀tọ̀, ó sì lè fún yín ní 200 mA. Tí kọ̀ǹpútà bá ń fa WiFi tàbí rílè pọ̀, 200 mA ò ní tó. Ẹ lọ sí ti àkọ́kọ́. Ẹ tún wo bọ́ọ̀dù náà bóyá jumper kan wà tó so nẹ́gẹ́tíìfù ìwọlé àti ti àbájáde pọ̀. Tó bá wà, ẹ yọ ọ́.

Proximity oníwáyà méjì náà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tó bá kú pàápàá, iná díẹ̀, bíi 1 mA, ṣì ń jò gba inú rẹ̀, LED PC817 á máa tàn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Rẹsítọ̀ 1 kΩ láàárín ẹsẹ̀ 1 àti ẹsẹ̀ 2 PC817 á gbé iná jíjò yẹn mì: 1 mA nínú 1 kΩ ò ju fóltì 1 lọ, LED ò ní tàn. Oníwáyà mẹ́ta bíi BX ò ní wàhálà yìí, ìdí kan nìyẹn tá a fi yàn án.

Àkókò

Ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó fi àsẹ́ tó nípọn sí i. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀rọ ń ṣe pure water 40 ní ìṣẹ́jú kan, kámù rẹ̀ sì ń yí lẹ́ẹ̀kan fún ẹyọ kan: ìṣẹ́jú àáyá 1.5 nìyẹn fún ìyípo kan. Orí bóòtì M8 fẹ̀ tó mílímítà 13. Tó bá wà ní mílímítà 60 sí àárín kámù, ìyípo rẹ̀ jẹ́ mílímítà 377. Á lo nǹkan bí mílísẹ́kọ́ǹdù 52 níwájú proximity. Ariwo kọntákítọ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ lè ní kí kọ̀ǹpútà má gba ìròyìn kankan gbọ́ àfi tó bá dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdù 5, ìyẹn ò ní pa ẹ̀rọ lára.

PLC, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún dídarí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, ti ní irú àsẹ́ yìí nínú tẹ́lẹ̀. Siemens S7-1200 máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6.4 ms, Mitsubishi FX3U máa ń fi 10 ms sínú D8020, àyè tó ń tọ́jú iye yẹn. Fún kámù tá a ṣírò lókè, ó dáa. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ka díìsì eléyín 60 lórí ọ̀pá tó ń yí 300 ní ìṣẹ́jú kan, 300 eyín ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, eyín àti àlàfo rẹ̀ jọ lo 3.3 ms péré. Àsẹ́ 10 ms á gbé gbogbo rẹ̀ mì, PLC á sì sọ pé ọ̀pá dúró.

Wáyà, kọntákítọ̀, àti afẹ́fẹ́ ọ̀sà

Wáyà tó bá proximity wá kì í gùn ju mítà méjì lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fà á gùn, ẹ lo èyí tí wọ́n lọ́ pọ̀ tó sì ní bébà irin lára, kẹ́ ẹ sì so bébà irin náà mọ́ ilẹ̀ ní ìhà páànẹ́ẹ̀lì nìkan. Ẹ jìnnà sí wáyà tó ń jáde láti inú inverter mọ́tò (èyí tó ń darí eré mọ́tò), ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30. Tó bá di dandan kí wọ́n pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn, kí wọ́n má rìn pọ̀ nínú páìpù kan náà.

Ẹ pa ariwo níbi tó ti ń jáde pẹ̀lú. Lórí kọ́ìlì kọntákítọ̀ fóltì 220, ẹ fi rẹsítọ̀ 100 Ω àti kapásítọ̀ 0.1 µF X2 fóltì 275 tẹ̀lé ara wọn, kí wọ́n dábùú ẹnu méjèèjì kọ́ìlì. Kapásítọ̀ lásán tí kì í ṣe X2 lè gbiná. Lórí solenoid fóltì 24 DC, 1N4007 kan ti tó, ìlà funfun rẹ̀ sí pọ́sítíìfù. Ẹ pa iná ńlá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn.

Ìkòròdú wà létí ọ̀sà, ilé iṣẹ́ omi sì máa ń fọ ilẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹnu skúrù bọ́ọ̀dù yìí kò nípọn, ó ń yára hù àwọ̀ ewé. Ẹ tì í mọ́nú àpótí tí omi ò lè wọ̀, kí wáyà máa gba ìsàlẹ̀ wọlé. Níbí a yọ máàkì díẹ̀ kúrò fún ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù náà.

Ìdánwò tá a gbà gbọ́

Ẹ dá ẹ̀rọ dúró kí bóòtì má sí níwájú proximity. Ẹ dá òǹkà padà sí òdo. Ẹ wá máa tan, kẹ́ ẹ máa pa pọ́ǹpù, ẹ̀rọ ìgbóná àti inverter lọ́kọ̀ọ̀kan, ogún ìgbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí iná NEPA àti lórí jẹnẹrétọ̀. Òǹkà gbọ́dọ̀ wà ní òdo. Tó bá ka ẹyọ kan péré, ẹ yọ wáyà dúdú lẹ́nu bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ṣì ń ka, nẹ́gẹ́tíìfù tàbí fóltì 5 ni ariwo gbà wọlé. Tó bá dákẹ́, wáyà proximity ni.

Fún encoder (sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí ọ̀pá) tó ń yára, a ò fọwọ́ sí bọ́ọ̀dù yìí. H11L1, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti PC817, dáa jù níbẹ̀, torí ààlà méjì ti wà nínú rẹ̀, ó sì yára gan-an, àmọ́ ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, kò lè wọ ihò PC817. Sẹ́ńsọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì tó ń ka eyín flywheel jẹnẹrétọ̀ náà kì í ṣe ti bọ́ọ̀dù yìí: fóltì rẹ̀ máa ń kéré nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí, á sì ga gan-an tó bá ti sáré. LM1815 ni wọ́n ṣe fún irú ìyẹn. Ó máa ń gbé ààlà rẹ̀ sókè bí ìròyìn bá ṣe ń lágbára sí i.

Níwájú ọlọ́jà, ẹ mú mítà dání. Ẹ gbé e sí dáódù, ẹ fi pupa kan ẹsẹ̀ 1 PC817, èyí tí àmì róbótó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí dúdú kan ẹsẹ̀ 2: ó gbọ́dọ̀ kà láàárín fóltì 1 àti 1.2. Ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀lé 817. Èyí tó ní lẹ́tà A ń gbé 80 sí 160 jáde fún gbogbo 100 iná ìwọlé, èyí tó ní lẹ́tà C ń gbé 200 sí 400. Tẹ́ ẹ bá máa lo fóltì 12, C ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ so proximity mọ́ bátìrì fóltì 12, kẹ́ ẹ mú irin dúdú pẹlẹbẹ kan sún mọ́ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ kó tàn nígbà tó bá ku nǹkan bí mílímítà 4. Èyí tí kò bá tàn àfi tí irin bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, kẹ́ ẹ mú òmíràn.